Níbo Ni Owó Kékeré Yẹ Kó Kọ́kọ́ Lọ?

  

Lónìí, n kò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àgbàdo. N kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa omi mímu. Ẹ̀rọ kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ̀rọ ìfakọ̀ ni. Àwọn awakọ̀ wa tó gbọ́ Faransé ń pè é ní treuil. Ó máa ń wà níwájú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kan. Ó ní àgbá kan tí okùn irin ká mọ́. Bí ọkọ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀, a ó fa okùn náà jáde, a ó fi ìkọ́ rẹ̀ kọ́ ìdí igi ńlá kan. Ẹ̀rọ yóò wá máa ká okùn náà padà díẹ̀díẹ̀, títí ọkọ̀ yóò fi fa ara rẹ̀ jáde.

Ẹni tó bá ti kó ẹrù gba ọ̀nà oko kọjá lórí ilẹ̀ dúdú tó wà láàárín Pobẹ̀ àti Kétu nígbà òjò mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ náà a máa sán, a sì le bí òkúta. Bí òjò bá rọ̀, a di ẹrẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bí oje igi. Ọkọ̀ tó bá rì síbẹ̀ pẹ̀lú àpò àgbàdo lẹ́yìn lè sun ibẹ̀ mọ́jú. Nítorí náà, ẹ̀rọ ìfakọ̀ kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ó wúlò fún wa.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ a máa gbó. Bó bá gbó, kí ni kí á ṣe? Tuntun wọ́n. Owó tó wà nínú àpótí ẹgbẹ́ kò sì tó nǹkan.

Èrò mi ni èyí. Ó tọ́ kí á tún ẹ̀rọ tó gbó ṣe. Kò pọn dandan kí á ra tuntun. Ṣùgbọ́n ohun tó di ẹ̀mí ènìyàn mú ni kí owó kékeré wa kọ́kọ́ lọ sí. Ẹni tó bá fi owó kun ẹ̀rọ lọ́dà, tó wá ta okùn tó já ní kókó, kò ṣọ́ owó ná rárá. Ewu ló rà.

Kí ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa.

Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan fi mí ṣe akọ̀wé, nítorí pé mo mọ̀wé. Ẹgbẹ́ náà ra ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ẹlòmíràn ti lò gbó. Ẹ̀rọ ìfakọ̀ wà níwájú rẹ̀. Inú wa dùn. Lẹ́yìn òjò méjì, okùn irin ẹ̀rọ náà já ní àárín. A pe ìpàdé. Èmi ni mo ka iye owó tó wà nínú àpótí sókè. Ẹnì kan ní kí á ra okùn tuntun. Ẹlòmíràn ní rárá, tapólì ọkọ̀ ti ya, ó sì yẹ kí á kun ọkọ̀ lọ́dà kí ojú má bàa tì wá lọ́jà. Ó ní kí á ta okùn ní kókó, ṣebí irin ni.

Ẹ̀yin ará mi, èmi náà wà lára àwọn tó na ọwọ́ sókè fún kókó. Èmi ni mo sì kọ ìpinnu náà sínú ìwé.

A ta okùn ní kókó. Ó fa ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fà á lẹ́ẹ̀kejì. A ń yin ara wa. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ọkọ̀ rì dé ìdajì táyà. Okùn náà le gan-an, ó ń dún. Lójijì, ó já níbi kókó. Orí rẹ̀ tó já na ọmọ iṣẹ́ awakọ̀ wa ní ẹsẹ̀. Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́ ní ibi méjì. Ọlọ́run yọ ọ́, kò kú. Ṣùgbọ́n títí di òní, ọ̀pá ló fi ń rìn. Owó tí ẹgbẹ́ ná sí ìtọ́jú rẹ̀ pọ̀ ju owó okùn tuntun lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ọ̀dà tí a kun ọkọ̀ sì ti ṣí kúrò.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Mo sì ti kọ́ nǹkan díẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni okùn irin. Okùn irin kì í ṣe ọ̀pá kan ṣoṣo. Fọ́nrán irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n lọ́ pọ̀ di ẹ̀ka, tí wọ́n sì tún lọ́ àwọn ẹ̀ka náà pọ̀ di okùn. Nígbà tí ó bá ń fa ọkọ̀, ó dà bí igi pàkúté tí a tẹ̀ wálẹ̀. Agbára wà nínú rẹ̀ tí ojú kò rí. Bó bá já, gbogbo agbára náà yóò jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá sì ta á ní kókó, agbára rẹ̀ lè dín kù tó ìdajì, nítorí pé kókó ń ṣẹ́ àwọn fọ́nrán náà níbi tí wọ́n ti tẹ̀. Nítorí náà, kókó kì í ṣe àtúnṣe. Ẹ má ṣe é.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé okùn ti gbó? Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ awọ tó nípọn. Ẹ má fi ọwọ́ lásán mú okùn irin, fọ́nrán tó ṣẹ́ ń gún ọwọ́ bí ẹ̀gún. Ẹ tú okùn náà sílẹ̀, kí ẹ fi ojú wò ó láti orí dé ìdí. Ẹ wo ibi tí ẹ̀ka kan ti bẹ̀rẹ̀ sí yí okùn po, títí dé ibi tó ti yí i po tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ka iye fọ́nrán tó ti ṣẹ́ láàárín ibẹ̀. Bí wọ́n bá pé mẹ́fà, tàbí tí mẹ́ta bá ti ṣẹ́ lára ẹ̀ka kan ṣoṣo, okùn náà ti parí iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wọn ìnípọn rẹ̀ pẹ̀lú. Bí okùn tó jẹ́ mílímítà 10 nígbà tó wà ní tuntun bá ti di mílímítà 9, ẹ má fi í fa ọkọ̀ mọ́. Bí ó bá ti ká kò, tàbí tó wú níbì kan bí àgò ẹja, tàbí tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́ wọ inú, bákan náà ni.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àyẹ̀wò yìí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin tí owó yín kéré, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí ibi tó bàjẹ́ bá wà nítòsí orí okùn, tí èyí tó kù sì dára, ẹ lè gé ibi tó bàjẹ́ dànù. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ṣe ojú tuntun sí orí rẹ̀ fún ìkọ́. Okùn kúkúrú tó dára sàn ju okùn gígùn tó ti bàjẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá fà á jáde, kí okùn tó kù lórí àgbá má dín ní ìyípo márùn-ún. Bó bá dín sí i, okùn lè tú kúrò lára àgbá pátápátá.

Ohun kejì ni ìkọ́. Bí ẹnu ìkọ́ bá ti ya, ẹ má gbé e fún ẹni tó ń jó irin pé kó fi iná tẹ̀ ẹ́ padà. Iná ń ba agbára irin ìkọ́ jẹ́, ojú kò sì ní í rí i. Ẹ ra òmíràn.

Ohun kẹta ni ìjánu, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní bíréèkì. Òun ló ń di àgbá mú nígbà tí ẹ bá dá ẹ̀rọ dúró. Bí ẹ bá dá ẹ̀rọ dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí okùn sì ń tú padà fúnra rẹ̀, ìjánu ti jẹ tán. Ẹ má sọ pé ẹ ó máa fi òkúta di táyà. Ẹ pààrọ̀ awọ ìjánu náà.

Ohun kẹrin kéré púpọ̀, òun ni àwọn ènìyàn sì ń ṣe àṣìṣe lé lórí jù. Nínú àwọn ẹ̀rọ ìfakọ̀ àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń yí, ìṣó kan wà tó so ọ̀pá tó ń bọ̀ láti ẹ́ńjìnnì mọ́ ẹ̀rọ náà. Irin rírọ̀ ni wọ́n fi ṣe ìṣó yìí. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹrù bá ti wúwo ju agbára ẹ̀rọ lọ, ìṣó náà yóò kọ́kọ́ ṣẹ́, kí okùn má bàa já, kí eyín ẹ̀rọ má bàa fọ́. Ìṣó náà ń kú dípò ẹ̀rọ, ó sì ń kú dípò ènìyàn.

Kí ni àwa ń ṣe? Bó bá ti ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, inú á bí wa. A ó ní ìṣó yìí kò dára. A ó wá boótì líle kan, a ó fi rọ́pò rẹ̀, a ó ní a ti tún un ṣe. A kò tún un ṣe. A ti pa olùṣọ́ ni. Ìṣó rírọ̀ kò wọ́n. Ẹ ra mẹ́ta tàbí mẹ́rin irú èyí tó bá ẹ̀rọ náà mu, kí ẹ tọ́jú wọn sínú ọkọ̀. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́, ìkìlọ̀ ni. Ẹ wá ọ̀nà láti dín ẹrù kù.

Ohun mẹ́rin yìí ni mo pè ní ohun tó di ẹ̀mí mú: okùn, ìkọ́, ìjánu àti ìṣó rírọ̀. Níbi wọ̀nyí, ẹ má dọ́gbọ́n sí i. Ẹ ra èyí tó tọ́.

Níbi tó kù, ẹ lè fi ọgbọ́n àti iṣẹ́ ọwọ́ dípò owó. Ẹ fọ ẹrẹ̀ kúrò lára ẹ̀rọ náà lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ yẹ ọ́ìlì inú rẹ̀ wò. Bó bá funfun bí omi ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ dà á nù, kí ẹ pààrọ̀ rọ́bà tó ti jẹ́ kí omi wọlé, kí ẹ da tuntun sí i. Nínú púpọ̀ lára àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, kẹ̀kẹ́ eléyín ńlá inú rẹ̀ jẹ́ bàbà, irin líle sì ni èyí tó ń yí i. Bàbà ló ń kọ́kọ́ jẹ, pàápàá bí ọ́ìlì bá gbẹ. Ẹ lè rí kẹ̀kẹ́ irú bẹ́ẹ̀ lára ẹ̀rọ àlòkù tí wọ́n ti tú palẹ̀, kí ẹ sì rà á ní owó pọ́ọ́kú. Kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ ka eyín rẹ̀, kó sì fi wé ti àtijọ́.

Bó bá jẹ́ irú èyí tí bátìrì ń yí ni, ẹ yọ okùn bátìrì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ti kú, ìpẹtà ló wà lẹ́nu okùn iná rẹ̀. Ẹ fi páálí iyanrìn ha á, yóò jí. Nígbà mìíràn sì rèé, èédú kékeré inú rẹ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣàbọ́n, ló ti jẹ tán. Èédú yìí kò wọ́n tó ẹ̀rọ tuntun rárá.

Ọgbọ́n kan tún wà tí mo fẹ́ràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fa omi nínú kànga mọ pulí. Ẹ wá pulí irin tó lágbára, irú èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀, kì í ṣe ti kànga. Ẹ kọ́ ọ mọ́ ìdí igi. Ẹ jẹ́ kí okùn gba inú rẹ̀ kọjá, kó padà wá sára ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Agbára tó ń fa ọkọ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ọkọ̀ yóò rọra rìn ní ìdajì ìyára, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ti gbó yóò sinmi, okùn náà yóò sì sinmi.

Kí ẹ tó fà á rárá, ẹ sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹ fi ṣọ́bìrì wa ẹrẹ̀ kúrò níwájú táyà. Ẹ fi bẹ́líìtì fífẹ̀ yí igi ká, kí okùn irin má bàa gé èèpo igi, kí igi má sì ba okùn jẹ́. Ẹ gbé àpò tó rin omi lé àárín okùn, kó lè fà á wálẹ̀ bó bá já. Kí gbogbo ènìyàn wá dúró sí ibi tí okùn kò lè dé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ré okùn tó ti le kọjá. Ẹ lé àwọn ọmọdé tó wá wòran.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní: “Olùkọ́, ọ̀rọ̀ rẹ dára, ṣùgbọ́n a kò lówó.” Èmi náà kò lówó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á jọ ṣe ìṣirò díẹ̀, bí a ti ń ṣe é ní kíláàsì. Iye owó ń yàtọ̀ láti ọjà dé ọjà, àpẹẹrẹ lásán ni mo fi èyí ṣe. Ká ní 60,000 fráǹkì ló wà nínú àpótí. Okùn, 35,000. Ìkọ́, 7,000. Awọ ìjánu, 4,000. Ọ́ìlì àti gírísì, 6,000. Ìbọ̀wọ́, 3,000. Ìṣó rírọ̀, 2,000. Ẹ rò ó pọ̀. Ó jẹ́ 57,000. Ó ku 3,000. Kò sí ọ̀dà nínú rẹ̀, kò sí tapólì. Ọ̀dà lè dúró de ìkórè. Ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ kò lè dúró dè é.

Bí owó kò bá tó okùn ńkọ́? Ẹ má lo ẹ̀rọ náà títí owó yóò fi tó. Ṣọ́bìrì wà. Pákó tí a ń tẹ́ sábẹ́ táyà wà. Ọwọ́ ènìyàn wà. Ó ń pẹ́, ó ń rẹni, mo gbà. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la ó jọ padà délé lórí ẹsẹ̀ wa.

Àwọn mìíràn á ní: “Láti ọjọ́ yìí ni a ti ń ta á ní kókó, kò sí ohun tó ṣe wá.” Àwa náà sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ti gbọ́ ti ẹ̀ẹ̀kẹta.

Ó ku ohun kan, òun ló sì ń dùn mí jù. Lára ẹ̀rọ ìfakọ̀ wa, pátákó irin kékeré kan wà. Ọ̀dà àti ẹrẹ̀ ti bò ó. Lẹ́yìn tí ìjàǹbá náà ṣẹlẹ̀, mo fi aṣọ nù ún. Iye kílò tí ẹ̀rọ náà lè fà wà níbẹ̀. Ìnípọn okùn tó yẹ ẹ́ wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n, kì í ṣe Faransé tó le. Èmi tí mò ń kọ́ yín ní ìwé kíkà, mo ti kọjá níwájú pátákó náà fún ọdún méjì, n kò kà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti mọ nọ́ńbà báyìí, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá ní ọkọ̀, tàbí tí ẹgbẹ́ yín ní ọkọ̀, ẹ wá pátákó yẹn lára ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ nù ún. Ẹ kà á. Ẹ mọ̀ pé iye kílò tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti ìgbà tí okùn bá ku ìpele kan ṣoṣo lórí àgbá. Bí okùn bá ti ká léra wọn ní ìpele púpọ̀, agbára ìfà ń dín kù. Ẹ fi 3,000 tó kù yẹn ra ìwé àti bírò. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ra okùn sí i. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, àti iye fọ́nrán tí ẹ bá tó ti ṣẹ́. Bí ìṣó bá ṣẹ́, ẹ kọ ọ́. Awakọ̀ lè lọ, akọ̀wé lè pààrọ̀, ìwé yóò máa sọ fún ẹni tó bá dé lẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n bá sì pe ìpàdé lórí owó ẹgbẹ́, tí ẹnì kan ní kí á ta okùn ní kókó, ẹ má na ọwọ́ sókè bí mo ti ṣe. Ẹ dìde dúró. Ẹ bèèrè pé: “Kí ló di ẹ̀mí mú níbí?” Ibẹ̀ ni kí owó kékeré kọ́kọ́ lọ.

 Ẹ kà á fún ẹni tí kò tíì mọ̀wé kà.